₦350,000 ló wà lọ́wọ́ wa: làptọ́ọ̀pù wo ni kí a rà ní Àkúrẹ́?

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ àti gbogbo ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo nílò ìmọ̀ràn yín kí owó wa má baà wọgbó.

Àbúrò mi ọkùnrin ti wọ yunifásítì FUTA, Surveying and Geoinformatics (ẹ̀kọ́ wíwọn ilẹ̀ àti yíya máàpù) ni wọ́n fún un. Wọ́n ti sọ fún un pé yóò nílò làptọ́ọ̀pù tó lè gbé AutoCAD (tí wọ́n fi ń ya àwòrán iṣẹ́) àti QGIS (tí wọ́n fi ń ṣe máàpù). ₦350,000 ni èmi àti màmá wa rí kó jọ, kò sì sí ibi tí òmíràn yóò ti wá lọ́dún yìí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la máa rà á.

Mẹ́ta ni mo ti rí. Àkọ́kọ́ wà ní ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí South Gate FUTA: HP EliteBook 840 G5, tòkúnbọ̀, Core i5 (processor, ọpọlọ ẹ̀rọ, nìyẹn), RAM 8GB (ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), SSD 256GB (ibi tí fáìlì ń wà). ₦330,000 ni wọ́n pè é.

Èkejì, ẹnì kan tí mo rí lórí Facebook ló fẹ́ tà á, Ìkẹjà ló wà. HP ni òun náà, Core i7, RAM 16GB, ₦270,000. Ó ní kí n san owó tán kí òun tó gbé e lọ sí páàkì. Nígbà tí mo béèrè nọ́ńbà tó wà lára i7 yẹn, i7-4600U ló kọ ránṣẹ́.

Ẹ̀kẹta ni ti ọmọ àdúgbò wa kan. ThinkPad T480 ni, ₦220,000 ló fẹ́ gbà. Ṣùgbọ́n tí a bá tàn án, ó ń béèrè password kan kí Windows tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ó ní ẹni tó mọ iṣẹ́ yóò yọ ọ́ kíákíá.

Ọkàn mi ń fà sí ti Ìkẹjà, torí mo rò pé i7 ju i5 lọ, owó rẹ̀ sì fúyẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ rí sí i?

Tẹkí South Gate

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ kú ìsapá lórí ọ̀rọ̀ àbúrò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí Ìkẹjà.

Ẹ pa i7 àti i5 tì ná. Nọ́ńbà tó tẹ̀lé e ló ń sọ ọjọ́ orí ẹ̀rọ. Nínú i7-4600U, 4 tó ṣáájú yẹn ni ìran rẹ̀: ìran kẹrin, ọdún 2013 ni Intel gbé e jáde, core (ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú processor) méjì péré ló ní. Èyí tó sábà máa ń wà nínú 840 G5 ni i5-8250U tàbí i5-8350U. Ìran kẹjọ nìyẹn, ọdún 2017 ló jáde, core mẹ́rin ló ní. i5 yìí yóò ṣe iṣẹ́ tí i7 ẹni Ìkẹjà kò lè gbé, pàápàá bí ọmọ náà bá ṣí AutoCAD, tó tún ṣí Chrome sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Bí nọ́ńbà bá fi 1 bẹ̀rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ lẹ máa kà pọ̀. i5-10210U, ìran kẹwàá. i5-1135G7, ìran kọkànlá.

Ọ̀rọ̀ Windows tún wà níbẹ̀. Láti ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró. Windows 11 ló kù, ìran kẹjọ lọ sókè sì ni Microsoft fọwọ́ sí lọ́dọ̀ Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba kéréje nínú ìran keje. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń dọ́gbọ́n gbé Windows 11 sórí ẹ̀rọ àtijọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á, tí ọmọ yóò sì lò ó fún ọdún márùn-ún, kò yẹ kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ọgbọ́n.

Ẹ̀yin náà ẹ má gba orúkọ G5 gbọ́ lásán o. HP ta àwọn 840 G5 kan tó jẹ́ ìran keje ló wà nínú wọn. Ẹ wo nọ́ńbà náà fúnra yín.

Ọmọ Oǹdó Gidi

Tẹkí ti sọ òdodo lórí i7 yẹn. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹ torí rẹ̀ sá fún Ìkẹjà pátápátá. Ṣé ẹ mọ̀ pé Computer Village, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, náà ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó ti ń lọ kó ọjà? Tí ẹ bá dé òpópónà Otigba fúnra yín, tí ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá, owó tí ẹ máa yọ kúrò lórí ẹ̀rọ kan lè ju ₦30,000 lọ. Mo máa ń bá àwọn ènìyàn rà á láti Oǹdó níbí, mo sì mọ ohun tí mo ń sọ.

Ohun tó ń pa ènìyàn ni kí ó san owó fún ohun tí kò fojú rí. Èyí tí ẹni Facebook yẹn ní kí ẹ ṣe, ẹ má dán an wò, bóyá Ìkẹjà ló wà tàbí Àkúrẹ́.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká

Ọmọ Oǹdó, mo gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ dáadáa. Ọkọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Èkó, àlọ àti àbọ̀. Oúnjẹ. Ọjọ́ kan tó lọ, bí obìnrin náà bá sì jẹ́ ẹni tó ń ṣòwò, ọjọ́ yẹn náà lówó. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, ká ní ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, ta ni yóò tún gbé e padà? Ẹ óò tún wọkọ̀, tàbí kí ẹ fi wébìlì ránṣẹ́, kí ẹ wá máa pe fóònù ẹni tó tà á.

Èmi ò sọ pé Èkó kò dára. Ẹni tó fẹ́ ra mẹ́wàá fún ilé-ẹ̀kọ́, kí ó máa lọ. Ẹni tó fẹ́ ra ẹyọ kan, tí owó rẹ̀ kò sì ní àfikún, ohun tó yẹ kí ó wá ni ẹni tí ó lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ bá bí ọ̀rọ̀ bá yí padà. Tí South Gate bá fi ₦25,000 wọ́n ju Èkó lọ, ohun tí ₦25,000 yẹn ń rà nìyẹn, ó sì tó bẹ́ẹ̀.

Alátùn-únṣe Arákàlẹ̀

Mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ìlú yìí tipẹ́, ẹ jẹ́ kí n dá sí i.

Kí n kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ ThinkPad tì. Arábìnrin, ẹ má rà á. Irú password tó ń jáde kí Windows tó bẹ̀rẹ̀ yìí, inú bọ́ọ̀dù ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń wà. Lenovo fúnra wọn sọ pé ẹni tó bá gbàgbé supervisor password (ọ̀gá irú password yìí), bọ́ọ̀dù ni yóò pààrọ̀. Àwọn kan wà tó ń tún ohun tó wà nínú chip orí bọ́ọ̀dù kọ láti fi yọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó lè ba bọ́ọ̀dù jẹ́ ni, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ìbéèrè tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó ni ẹ̀rọ, báwo ni kò ṣe mọ password rẹ̀? Mi ò ní ọmọ yẹn jalè. Ó lè jẹ́ pé bí wọ́n ṣe tà á fún òun náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ni ín bá yọjú lọ́la, ọwọ́ yín ni yóò bá a.

Wàyí o, ti South Gate. Ẹ mú ọmọ náà dání, ẹ lọ ní ọ̀sán, ẹ má lọ nígbà tí wọ́n bá ń ti ṣọ́ọ̀bù. Ẹ sọ fún ọlọ́jà láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò fún bíi wákàtí kan. Ẹni tó bá ń kánjú lé yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ fi ẹ̀rọ rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Kí wọ́n tó tàn án, ẹ dì í mú, ẹ gbé e sókè wò ní ìpele ojú yín. Ṣé ó tẹ́jú? Tí ibi tí a ń fi ìka fà bá wú sókè díẹ̀, tàbí tí ìdérí ìsàlẹ̀ kò bá pa dé dáadáa, bátìrì ti wú nínú rẹ̀ nìyẹn. Bátìrì tó wú lè gbiná, kí ọlọ́jà pààrọ̀ rẹ̀ níṣojú yín tàbí kí ẹ má rà á. Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, ẹ tẹ́tí sí hínjì méjèèjì. Ẹ yí i padà, ẹ ka àwọn ìdè tó wà nísàlẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti sọnù, ẹnì kan ti ṣí i rí. Ìyẹn nìkan kò burú, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe nínú rẹ̀.

Tí wọ́n bá tàn án, ẹ máa tẹ F10 kí ẹ lè wọ BIOS, ojú ìwé ètò ẹ̀rọ tó wà ṣáájú Windows. F10 ni ti HP, F2 ni ti Dell, F1 ni ti ThinkPad. Tó bá béèrè password, ó ti parí, ẹ máa lọ. Tí kò bá béèrè, ẹ wo serial number tó wà níbẹ̀, ẹ fi wé èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀rọ. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa rí orúkọ processor gan-an.

Bátìrì ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣubú. Ọlọ́jà yóò sọ pé wákàtí mẹ́rin. Ẹ má bá a jiyàn. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows àti X pọ̀, ẹ ṣí Terminal, ẹ kọ èyí: powercfg /batteryreport. Yóò sọ ibi tí ó fi ìwé kan sí fún yín, ẹ ṣí i. Ẹ máa rí Design Capacity, ìyẹn ohun tí bátìrì náà lè gbà nígbà tó wà ní tuntun, àti Full Charge Capacity, ìyẹn ohun tó lè gbà báyìí. Bátìrì 840 G5 jẹ́ bíi 50,000 mWh ní tuntun. Tí ẹ bá rí 40,000, ó ṣì lágbára. Tí ẹ bá rí 25,000, ìdajì ti lọ, kí owó bátìrì tuntun kúrò lórí owó tí wọ́n pè.

Ẹ ṣí Notepad, kí ọmọ náà tẹ gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fláàṣì bọ gbogbo ihò USB. Ẹ ṣí kámẹ́rà, ẹ gbọ́ ohùn, ẹ so ó mọ́ Wi-Fi fóònù yín. Ẹ fi àwòrán funfun kún ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà dúdú, ẹ wo bóyá àmì kan wà tí kò yí padà. Tí ẹ bá ní CrystalDiskInfo lórí fláàṣì yín, ẹ fi wo ìlera SSD náà, yóò sọ iye wákàtí tí wọ́n ti lò ó.

Èyí tó kẹ́yìn ló ń gba àkókò, òun ló sì ṣe pàtàkì jù. Ọ̀pọ̀ tòkúnbọ̀ yìí jẹ́ ti àwọn ilé-iṣẹ́ òkè òkun tẹ́lẹ̀. Bí wọn kò bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé wọn, ẹ̀rọ náà lè dára fún oṣù mẹ́ta. Ọjọ́ tí ẹ bá tún Windows gbé sí i, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà lórí rẹ̀, ẹ óò kàn rí i pé ó ń kí yín káàbọ̀ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Jámánì, ó ń béèrè email òṣìṣẹ́ wọn. Nítorí náà, kí ọlọ́jà ṣe Reset rẹ̀ níṣojú yín (kí ó nu gbogbo rẹ̀, kí Windows bẹ̀rẹ̀ bíi tuntun), kí íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀ nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Tí ó bá lọ tààrà sí ibi tí ẹ ti máa ṣe account tiyín, ọkàn yín á balẹ̀. Ti MacBook náà bẹ́ẹ̀ ni, Remote Management ni wọ́n ń pè é níbẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mí Business Centre

Ọlọ́run yóò bù kún ẹ̀yin Alátùn-únṣe. Mo ti da èyí kọ sínú ìwé.

Èmi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí àwọn nǹkan kékeré tí a ń rà mọ́ ọn, torí owó ń jò níbẹ̀ gan-an. Fláàṣì tí wọ́n ń tà lórí tábìlì lẹ́bàá ọ̀nà Ọ̀yẹ́mẹ́kùn, tí wọ́n kọ 2TB sí, tí owó rẹ̀ kò ju ti 32GB gidi lọ, irọ́ ni. Inú rẹ̀ kò ju gígábáìtì díẹ̀ lọ, wọ́n kàn yí i kí kọ̀ǹpútà lè máa ka 2TB ni. Ẹ óò kó fáìlì sí i, yóò sì gbà á, kò ní pariwo. Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i lẹ máa mọ̀ pé kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wá bá mi pẹ̀lú project wọn lórí irú fláàṣì bẹ́ẹ̀, omijé ló ń bọ́ lójú wọn. Ohun èlò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ H2testw. Yóò kọ nǹkan kún fláàṣì náà tán, yóò wá kà á padà, yóò sì sọ iye tó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ó ń gba àkókò, ṣùgbọ́n mi ò gbé fláàṣì tàbí SSD kankan sẹ́nu iṣẹ́ láìṣe é.

Ẹni tó bá fẹ́ ra kọ̀ǹpútà orí tábìlì dípò làptọ́ọ̀pù, ẹ gbọ́ èyí pẹ̀lú. Àwọn tó ti Amẹ́ríkà wọlé, ẹ wo ẹ̀yìn wọn níbi tí wáyà iná ti ń wọlé. Àwọn kan ní bọ́tìnì pupa kékeré kan tí wọ́n kọ 115 àti 230 sí. Tí ó bá wà ní 115, tí ẹ bá fi bọ iná tiwa, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí yóò fi dún gbàá, èéfín yóò sì jáde. Ẹ fi nǹkan tó mú díẹ̀ tì í sí 230 kí ẹ tó fi wáyà bọ̀ ọ́.

Fẹ́mi Roadblock

Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan. Ṣé kò ní dára kí Àǹtí Àdùkẹ́ dúró di Black Friday? Mo máa ń rí i pé àwọn ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì máa ń já owó wálẹ̀ ní oṣù kọkànlá.

Ẹ̀gbọ́n Alágbàká

Fẹ́mi, ọmọ náà ti wọlé, kíláàsì kò ní dúró dè é. Ẹ̀yin tó bá sì fẹ́ dúró, ẹ ya àwòrán owó ọjà tí ẹ fẹ́ láti oṣù kẹsàn-án, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó já wálẹ̀ lóòótọ́ tàbí wọ́n kọ́kọ́ gbé e gun òkè.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí a mọ̀. Owó dọ́là ló ń darí ọjà yìí. Kí ìjọba tó tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, bíi ₦470 ni dọ́là kan ní báńkì. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ra làptọ́ọ̀pù kí èyí tó ṣẹlẹ̀, tó sì ń fi owó ìgbà yẹn dúnàádúrà lónìí, ọlọ́jà kò ní dá a lóhùn, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀kánjúwà ọlọ́jà.

RAM náà ti le báyìí. Láti ìparí ọdún 2025 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó ń kọ́ ibùdó kọ̀ǹpútà fún AI ti ń ra RAM rẹpẹtẹ, owó rẹ̀ sì fò sókè káàkiri àgbáyé. Micron kéde ní oṣù kejìlá ọdún 2025 pé àwọn ń pa Crucial tì, orúkọ tí wọ́n fi ń ta RAM àti SSD fún àwa ará ilé. Ìmọ̀ràn tí a máa ń gba ara wa tẹ́lẹ̀, pé kí a ra èyí tó ní 4GB kí a wá fi RAM kún un bó bá yá, kò mú ọgbọ́n dání mọ́. Ẹ ra èyí tí RAM rẹ̀ ti pọ̀ tó.

Ọmọ Oǹdó Gidi

Ẹ̀gbọ́n, mo fara mọ́ ti RAM pátápátá. Lórí Èkó, mo ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ mi. Bí ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta bá fẹ́ rà lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n jọ rán ẹnì kan tó mọ̀ ọ́n, owó ọkọ̀ yóò pín, èrè á sì wà. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà má ṣe ra ohunkóhun lọ́wọ́ àwọn tó ń fa ènìyàn lápá lójú títì. Ṣọ́ọ̀bù tó ní orúkọ lókè, tó ń já rìsíìtì, ni kí ó wọ̀.

Tẹkí South Gate

Mo fẹ́ fi èyí kún un fún àbúrò. Autodesk ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní AutoCAD lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún kan, ó sì ṣeé tún gbà lọ́dọọdún níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Orí ìkànnì wọn ni yóò ti forúkọ sílẹ̀, wọn yóò ní kí ó fi ẹ̀rí hàn pé ilé-ìwé lòun wà. QGIS kò gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rárá. Nítorí náà, bí ọlọ́jà bá sọ pé òun máa gba owó láti fi AutoCAD sí i, ẹ ní kí ó fi sílẹ̀. Èyí tí wọ́n máa ń fi sí i láìgbàṣẹ, àìsàn kọ̀ǹpútà ló sábà máa ń bá a wọlé.

Tó bá sì ṣeé ṣe, ẹ má lọ sí South Gate ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ọmọ bá ń wọlé padà. Ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ọlọ́jà tó fẹ́ gbọ́ ẹ̀dínwó.

Àdùkẹ́ Ọ̀bà-Ilé

Ẹ ṣeun gan-an ni, gbogbo yín. Mo ti kọ̀wé sí ẹni Ìkẹjà pé mi ò rà á mọ́. ThinkPad náà, mo ti dá ọmọ àdúgbò lóhùn.

A lọ sí South Gate lánàá, èmi àti àbúrò mi. A wo BIOS, kò béèrè password, serial number bára mu, i5-8350U ni ó kọ. Bátìrì: 50,040 ni ti tuntun, 41,300 ni ti báyìí. Bọ́tìnì kan lórí kíbọ́ọ̀dù kò dáhùn, ti F7, ọlọ́jà ní òun máa pààrọ̀ kíbọ́ọ̀dù náà láìgba owó. Ó ṣe Reset rẹ̀, íntánẹ́ẹ̀tì wà lórí rẹ̀, kò béèrè orúkọ ilé-iṣẹ́ kankan. Ó kọ́kọ́ lọ́ra láti jẹ́ kí a ṣe Reset yẹn, ṣùgbọ́n nígbà tí mo ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ó gbà, ó sì fi sùúrù dúró tì wá.

Lórí owó, ó ti wá sí ₦315,000. Ó ní ọ̀kan tún wà, bákan náà ni, ṣùgbọ́n RAM rẹ̀ jẹ́ 16GB, ₦345,000 ni owó ìkẹyìn lórí rẹ̀. Tí a bá mú ti 16GB, kò ní ku owó tí a máa fi ra àpò àti máòsì. Èwo ni kí a mú?

Alátùn-únṣe Arákàlẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́, arábìnrin. Ọlọ́jà tó jẹ́ kí ẹ ṣe gbogbo ìyẹn, ẹ dì í mú.

Ti 16GB ni kí ẹ mú, bí bátìrì rẹ̀ bá dára tó ti èyí tí ẹ yẹ̀ wò. Pẹ̀lú owó tí RAM wà báyìí, ₦30,000 yẹn kò lè ra 8GB kan tí ọkàn yín yóò balẹ̀ lé lórí. 8GB yóò gbé AutoCAD, ṣùgbọ́n àwòrán ilẹ̀ láti òkè tí wọ́n máa ń ṣí nínú QGIS tóbi, ibẹ̀ ni ìnira yóò ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo àyẹ̀wò tí ẹ ṣe sí ti àkọ́kọ́, ẹ tún un ṣe sí èyí láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ má sọ pé bákan náà ni wọ́n. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ wo Memory: ibẹ̀ ló ti máa sọ iye ihò tí RAM wọ̀. Tí ó bá kọ 2 of 2, 8GB méjì ni, ìyẹn ló dára jù fún yín, torí àwòrán ojú ẹ̀rọ yìí ń lo RAM náà, ó sì máa ń yá sí i bí ó bá jẹ́ méjì.

Ẹ wo ṣájà rẹ̀ pẹ̀lú. 65W ló yẹ kí ó jẹ́: ẹ wá 19.5V àti 3.33A lára rẹ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní 45W, ẹ̀rọ lè máa lọ́ra. Tí ṣájà náà bá fúyẹ́ jù lọ́wọ́, tó sì ń gbóná kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé, ẹ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Ìyá Rẹ̀mí Business Centre

Àdùkẹ́ mi, ẹ má fi owó ra àpò o! Ẹ béèrè èènì. Ẹni tó ń san ₦345,000 lówó lẹ́ẹ̀kan, àpò àti máòsì ni èènì rẹ̀. Ẹ má béèrè rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìdúnàádúrà. Ìgbà tí owó bá ti dé ojú tábìlì ni kí ẹ fi ẹ̀rín béèrè rẹ̀. Bí kò bá fún yín ní àpò, yóò fún yín ní máòsì.

Fẹ́mi Roadblock

Ọgá Alátùn-únṣe, tí ọlọ́jà bá ní òun fún wọn ní ọ̀sẹ̀ méjì láti dá a padà bí ó bá bàjẹ́, kí ni kí wọ́n ṣe kí ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn má baà di ìjà?

Alátùn-únṣe Arákàlẹ̀

Kí ó kọ ọ́ sórí rìsíìtì, kí ó fi ọwọ́ sí i, kí orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ṣọ́ọ̀bù wà lókè. Kí wọ́n má kọ "làptọ́ọ̀pù HP kan" lásán. Ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n kọ nìyí, Arábìnrin Àdùkẹ́, ẹ ṣáà fi nọ́ńbà tiyín sí i:

"HP EliteBook 840 G5, tòkúnbọ̀, i5-8350U, RAM 16GB, SSD 256GB, serial number báyìí báyìí, pẹ̀lú ṣájà 65W. ₦345,000, a ti gba owó náà tán. Bí àbùkù bá yọ lára bọ́ọ̀dù, ojú ẹ̀rọ, SSD, RAM tàbí kíbọ́ọ̀dù láàárín ọjọ́ 14, a óò tún un ṣe láìgba owó, tàbí kí a pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá béèrè password BIOS tàbí orúkọ ilé-iṣẹ́ kan nígbàkúùgbà, a óò gbà á padà, a óò sì dá owó padà."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn, "nígbàkúùgbà" ni kí ó jẹ́ o, kí wọ́n má fi ọjọ́ 14 dè é. Ẹ ya àwòrán rìsíìtì náà sórí fóònù yín kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, torí ohun tí a tẹ̀ sórí rìsíìtì ẹ̀rọ POS máa ń parẹ́ bí oòrùn bá pa á.